Bí ẹ ṣe lè kó ẹgbẹ́ yín rìn kiri Èkó láìjẹ́ kí ìrìn náà tú ká lójú ọ̀nà

Ẹgbẹ́ àdúgbò kan, tàbí àwọn tó jọ jáde ilé ìwé, á dá a lábàá pé kí gbogbo wọn jọ fẹsẹ̀ rìn kiri Èkó lọ́jọ́ ìsinmi, kí wọ́n wo ilé àtijọ́, kí wọ́n rẹ́rìn-ín, kí wọ́n sì jọ jẹun. Ogún èèyàn á kọ ọ́ sórí WhatsApp pé àwọn ń bọ̀. Tó bá wá di ọjọ́ náà, àwọn díẹ̀ á dé lásìkò, wọ́n á dúró de àwọn yòókù títí oòrùn á fi mú. Ìlà á já sí méjì lẹ́bàá ọjà, apá kan á gba ibòmíràn lọ, apá kan á wọ ọkọ̀ padà sílé pẹ̀lú ìbínú. Látọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìrìn létí mọ́.

Ohun tí mo rí pé ó ń ba irú ìrìn bẹ́ẹ̀ jẹ́ ni pé àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá ló ń ṣètò rẹ̀, ara wọn nìkan ni wọ́n sì ń rò. Lójú tèmi, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn pátápátá ló ni ìrìn. Bí ìyẹn bá ń gbádùn, gbogbo ẹgbẹ́ ń gbádùn. Nítorí náà, òun ni kí ẹ máa fojú inú wò bí ẹ ti ń ka ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí.

Ọ̀nà kan ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ: láti Marina, gba Kakawa dé Tinubu Square, wọ Pópó Àgùdà (àdúgbò àwọn tó ti Brazil padà dé), kọjá sí Freedom Park, kẹ́ ẹ wá parí ẹ̀ sí Oníkàn. Gbogbo rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta sí mẹ́rin. Bí ẹ bá ń dúró wo nǹkan, tí ẹ sì ń sinmi, wákàtí mẹ́ta ni kí ẹ fún un.

Ohun tí ẹ nílò

- Èèyàn mẹ́ta tó ṣeé gbára lé: aṣíwájú tó mọ ọ̀nà, ẹlẹ́yìn tí kì í kánjú, tí á máa rìn kẹ́yìn gbogbo ẹgbẹ́, àti akápò. Ẹ má fi iṣẹ́ méjì lé ẹnì kan lọ́wọ́.
- Fìlà tàbí ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn fún ẹlẹ́yìn, kí ojú lè tètè rí i láàárín èrò.
- Fèrè kékeré kan fún un, nítorí ariwo Èkó kì í jẹ́ kí a gbọ́ ẹni tó ń pe orúkọ wa.
- Pílásítà, oògùn ẹ̀fọ́rí, ìwọ̀nba ṣúgà tàbí suwíìtì fún ẹni tí àárẹ̀ bá mú, àti agbòjò.
- Omi: kí olúkúlùkù gbé tirẹ̀ dání, kí akápò sì ra omi inú ọ̀rá kún un.
- Owó kékeré, náírà mẹ́wàá-mẹ́wàá kọ́ o; ọgọ́rùn-ún àti igba tó ṣeé ná lójú ọ̀nà láìwá ṣéńjì.
- Nọ́ńbà 767 àti 112 nínú fóònù gbogbo èèyàn. Àwọn ni à ń pè ní Èkó bí pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀.

Ìpele 1: Ẹ yan ọjọ́ àti wákàtí

Ọjọ́ Sátidé ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń dárúkọ, òun gan-an ló sì burú jù. Lọ́jọ́ Sátidé, Ìdúmọ̀tà, Balógun àti òpópónà Nnamdi Azikiwe á kún fọ́fọ́. Alábàárù á máa ké "àgò lọ́nà o!", ọkọ̀ á máa fipá là èrò kọjá, ẹgbẹ́ tó bá ju èèyàn mẹ́wàá lọ kò sì lè wà pa pọ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ ìsinmi ìjọba dáa jù, nítorí báńkì àti ọ́fíìsì á ti tì, ọkọ̀ á sì dín kù. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá dáa bí ojú ọjọ́ bá mọ́. Ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ń wu èèyàn, ṣùgbọ́n oṣù Kẹfà ni òjò Èkó máa ń le jù, omi á sì gba ojú ọ̀nà. Oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì ni mo fẹ́ràn jù fún irú ìrìn yìí, nítorí òjò ti lọ. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú náà dákẹ́ rọ́rọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló máa ń tì, ṣùgbọ́n ẹ ní láti fara da oòrùn.

Bí ẹ bá mú àárọ̀, ẹ pàdé ní aago méje, kí ẹ gbéra ní aago méje ààbọ̀, kí ẹ sì parí kí aago mọ́kànlá tó lù.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í: wọn kì í bèèrè bóyá Adámú Òrìṣà, ìyẹn Ẹyọ̀, máa jáde. Ọjọ́ tí Ẹyọ̀ bá jáde ní Èkó, bàtà, gèlè, irun ṣúkù àti sìgá jẹ́ èèwọ̀ lójú ọ̀nà rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ wo Ẹyọ̀, ìyẹn jẹ́ ìjáde mìíràn tó ní ètò tirẹ̀. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ èyí.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé ẹ lè sọ wákàtí ìgbéra àti wákàtí ìparí láìfi "bóyá" kún un? Bí ẹ kò bá lè sọ ọ́, ẹ má tíì kéde nǹkan kan.

Ìpele 2: Ẹ lọ rin ọ̀nà náà kí ọjọ́ tó pé

Níbí ni gbogbo iṣẹ́ wà. Ẹni tó bá fò ó, kò sí ìpele tó kù tó lè gbà á sílẹ̀. Aṣíwájú àti ẹlẹ́yìn ni kí wọ́n jọ lọ, ní irú ọjọ́ kan náà àti wákàtí kan náà tí ìrìn gan-an máa wáyé. Bí àgbàlagbà bá wà nínú ẹgbẹ́, kí ẹ bẹ ọ̀kan nínú wọn kó bá yín lọ, kí ìwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n yín. Ọ̀nà tí ọ̀dọ́mọkùnrin méjì bá fi ogójì ìṣẹ́jú rìn, ogún èèyàn lè lo wákàtí méjì lórí rẹ̀.

Ohun tí ẹ máa wò kì í ṣe ilé tó lẹ́wà nìkan. Ẹ kọ ibi tí òjìji wà sílẹ̀, ibi tí èèyàn lè jókòó, ibi tí a ti lè ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, oríta tí ọkọ̀ ti ń sáré, àti gọ́tà tí wọn kò bo lójú.

Ibi ìpàdé: ẹ má sọ pé "CMS". CMS kì í ṣe ojú kan. Ibùdókọ̀ wà níbẹ̀, abẹ́ bíríìjì wà níbẹ̀, etí omi náà wà níbẹ̀, èèyàn mẹ́ta lè wà ní CMS fún odindi wákàtí kan láìrí ara wọn. Iwájú géètì Cathedral Church of Christ ní Marina ni kí ẹ fi sí. Ilé ìsìn náà tóbi, ẹni tó bá sọ̀ ní ọkọ̀ ojú irin Blue Line ní Marina tàbí ní ọkọ̀ BRT á rí i láìbèèrè.

Kakawa: Ilé Olómi ni èèyàn máa fẹ́ wò níbẹ̀, ilé João Esan da Rocha, ẹni tó ti Brazil dé, tí ilé rẹ̀ fi gba orúkọ nítorí omi kànga tí àwọn ará Èkó ń wá rà níbẹ̀. Ilé onílé ni o. Ẹ wò ó láti ìta. Ọ̀nà ibẹ̀ há, nítorí náà ẹ yan ibi tí ogún èèyàn lè tò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kí ẹnikẹ́ni má dúró sójú títì.

Tinubu Square: oríta ni, ọkọ̀ ń jáde láti ọ̀nà púpọ̀. Ẹ wá ibì kan ṣoṣo tí gbogbo ẹgbẹ́ á ti sọdá lẹ́ẹ̀kan náà. Ìkìlọ̀ pàtàkì: bí ẹ bá ń tẹ̀ lé ìwé atọ́nà àtijọ́, ó lè ní kí ẹ wo Ilọ́jọ̀ Bar níbẹ̀. Wọ́n ti wó o lulẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti 1956 ni ìjọba ti kà á mọ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ó ṣì ń dùn mí. Èyí ló fà á tí mo fi ń sọ pé kí ẹ fi ojú ara yín rí gbogbo ilé tí ẹ máa ṣèlérí fún èèyàn. Lọ́dún tó ń bọ̀, ó lè ti di ilé alájà mẹ́fà.

Pópó Àgùdà: òpópónà Bámgbóṣé àti agbègbè Campos Square ni ilé àwọn àgùdà pọ̀ sí. Ibí ló yẹ kí ẹ ti lo àsìkò jù. Ẹ wo fèrèsé tó tẹ̀ bíi òṣùmàrè lókè, òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ṣe sára ògiri, ilẹ̀kùn tó ga ju ènìyàn méjì lọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ibẹ̀ kò tẹ́jú, gọ́tà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, nítorí náà ẹni tó bá ń wo òkè gbọ́dọ̀ dúró kó tó wò.

Láti ibẹ̀, ẹ lè gba Ìgbóṣẹ̀rẹ́ yọ sí Holy Cross Cathedral. Bí ìsìn bá ń lọ lọ́wọ́, ẹ kọjá jẹ́jẹ́.

Freedom Park: ibi tí ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street wà tẹ́lẹ̀ ni. Ó ní òjìji, ó ní ìjókòó, ó sì ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ ti sinmi dáadáa. Ẹ bèèrè wákàtí tí wọ́n ń ṣí géètì àti iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà ní National Museum ní Oníkàn, níbi tí ọkọ̀ tí wọ́n ti yìnbọn pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed ní 1976 wà, àti ní J.K. Randle Centre tó wà ládùúgbò ibẹ̀. Ilé tí ẹ bá bá ní títì lọ́jọ́ ìsinmi á mú kí ìrìn parí pẹ̀lú ìkùnsínú.

Ọ̀nà àbáyọ: ẹ mú ojú ibì méjì tí ẹni tó bá ti rẹ̀ ti lè wọ ọkọ̀ lọ sílé. Ẹ má gbára lé ọ̀kadà. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba ti fòfin dè é pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ Lagos Island àti márùn-ún mìíràn. Fún ibi méjì yẹn, Tinubu àti Oníkàn ni mo máa ń dárúkọ.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ní kí ẹlẹ́yìn ya àwòrán ọ̀nà náà sórí bébà láìwo fóònù, pẹ̀lú oríta, ibi ìsinmi àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹlẹ́yìn ni mo sọ o, kì í ṣe aṣíwájú. Bí ìlà bá já, òun ló máa kó àwọn tó kù dé ibi tí wọ́n ń lọ.

Ìpele 3: Ẹ kéde rẹ̀

Ọ̀rọ̀ kúkúrú ló ń dé etí gbogbo èèyàn. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí:

"Ẹ kú ìmúra o. Ìrìn wa: ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá. Ìpàdé: iwájú géètì Cathedral Church of Christ, Marina, aago méje àárọ̀. A ó gbéra ní aago méje ààbọ̀. Ẹni tó bá pẹ́, kó bá wa ní Tinubu Square ní aago mẹ́jọ àbọ̀. A ó parí ní Oníkàn. Ẹ wọ bàtà tó ti mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Ẹ mú omi àti fìlà. Ẹ ti fi owó sí káàdì Cowry yín láti alẹ́ àná."

Ibi ìpàdé kejì yẹn ló ń yanjú ọ̀rọ̀ apẹ́lẹ́yìn. Èkó ò gba gbẹ̀rẹ́. Ẹgbẹ́ tó bá dúró de ẹni tó pẹ́ ti fìyà jẹ ẹni tó jí ní aago márùn-ún. Ọ̀rọ̀ káàdì Cowry, tí a fi ń sanwó ọkọ̀ ojú irin àti BRT, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré: ẹni tó ń bọ̀ láti Mile 2 lórí Blue Line, tàbí láti Agbado lórí Red Line dé Oyingbo kó tó wọ bọ́ọ̀sì, kò lè fi owó lásán wọ ọkọ̀ ojú irin. Ọ̀pọ̀ ìpẹ́ àárọ̀ jẹ́ ìlà àwọn tó ń wá ibi tí wọ́n á ti fi owó sí káàdì.

Bàtà tuntun ni ọ̀tá kejì. Ẹ tún ọ̀rọ̀ bàtà sọ nígbà tó bá ku ọjọ́ kan.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ pe ẹni mẹ́ta lórí fóònù, ẹ ní kí wọ́n sọ ibi ìpàdé fún yín. Bí ẹnì kan nínú wọn bá dáhùn pé "ṣebí CMS ni", ẹ tún un kéde.

Ìpele 4: Àárọ̀ ọjọ́ náà

Kí ẹlẹ́yìn dé kí aṣíwájú tó dé. Bí èèyàn ṣe ń dé, ẹ máa pín wọn ní méjì-méjì. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, àwọn àgbà kan kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fi ìka ka àwọn bí ẹran. Méjì-méjì á gba yín lọ́wọ́ ìyẹn. Ní gbogbo ibi ìdúró, aṣíwájú á kàn bèèrè pé "Ẹnìkejì yín ńkọ́?" Ẹni tí kò bá rí tirẹ̀ á pariwo. Ẹ fi ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo pọ̀ mọ́ ẹni tó láwàdà lẹ́nu. Ẹ má fi ọkọ pọ̀ mọ́ aya, nítorí wọ́n á jọ gbàgbé ẹgbẹ́.

Ẹ bèèrè ní kọ̀rọ̀ bóyá ẹnì kan ní ikọ́ fée (asthma), àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ẹlẹ́yìn mọ̀ ọ́n. Tí aago méje ààbọ̀ bá lù, ẹ gbéra.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: gbogbo èèyàn ti mọ orúkọ ẹnìkejì wọn, wọ́n sì ti rí fìlà ọsàn.

Ìpele 5: Bí ìlà kò ṣe ní já

Òfin kan ṣoṣo ni: aṣíwájú kò gbọ́dọ̀ yà ní oríta kankan àyàfi tí ojú rẹ̀ bá ti kan fìlà ọsàn.

Mo máa sọ ìdí rẹ̀. Ní Ìgbóṣẹ̀rẹ́, okùn sálúbàtà ìyá kan já. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń wá bí òun ṣe máa so ó, ẹnìkejì rẹ̀ ń bá a di báàgì mú. Láàárín ìgbà tó fi nàró, ojú títì ti ṣófo níwájú rẹ̀, àwọn àjèjì nìkan ló ń kọjá. Ẹlẹ́yìn ló fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì, tí àwọn ará iwájú fi dúró ní oríta. Aránbàtà kan tó ń kan àpótí rẹ̀ kọjá ló jókòó sẹ́bàá gọ́tà tó gán an láìpẹ́ rárá, gbogbo ẹgbẹ́ sì yí i ká, wọ́n ń bá a ṣàwàdà. Bí kò bá sí fèrè, ìyá yẹn ì bá ti wà nínú ọkọ̀ Ojúẹlẹ́gba.

Ẹ kí èèyàn bí ẹ ti ń lọ. Ìwọ̀nyí ni àdúgbò tí èèyàn ń gbé, kì í ṣe ọgbà ìfihàn. "Ẹ kú ìjókòó o" fún àwọn tó jókòó síwájú ilé, "ẹ kú ọjà o, ẹ ó tà á o" fún ọlọ́jà. Àgbàlagbà tí ẹ bá kí dáadáa lè sọ ìtàn ilé náà fún yín ju ohun tí aṣíwájú kọ sílẹ̀ lọ. Ẹ gba àyè kí ẹ gbọ́.

Fọ́tò: ẹ bèèrè kí ẹ tó ya èèyàn tàbí inú ilé wọn. Ẹ má ya báńkì, àgọ́ ọlọ́pàá tàbí ilé ológun. Kí ẹni tó ń ya fọ́tò kọ ẹ̀yìn sí ògiri, kó má di fóònù mú létí títì.

Bí àwọn ọmọ àdúgbò bá dá yín dúró pé kí ẹ fún àwọn ní nǹkan, ẹnì kan ṣoṣo ni kó sọ̀rọ̀, akápò tàbí àgbà kan tí ohùn rẹ̀ tutù. Kó kí wọn, kó sọ pé ẹgbẹ́ ń gbafẹ́ kọjá ni, kó sì máa lọ. Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í ni pé èèyàn mẹ́fà á jọ máa dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan nínú wọn á sọ ọ̀rọ̀ gbígbóná, ohun tí ì bá parí sí ẹ̀rín á wá di àríyànjiyàn.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ní Tinubu, ẹ bi ẹlẹ́yìn pé ṣé ó ti sáré rárá. Bí ó bá ti sáré, aṣíwájú ń yá jù.

Ìpele 6: Ẹ jẹ́ kí ó dùn

Àwọn tó ń ṣètò máa ń gbàgbé èyí, wọ́n á sọ ìrìn di kíláàsì. Ní ibi ìdúró kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú méjì tó. Ẹ fi eré kún ìyókù.

Òfin owó ìtanràn: ẹni tó bá dárúkọ iṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ tàbí owó ilé á ra omi inú ọ̀rá kan fún ẹnìkejì rẹ̀. Ẹni tó bá pẹ́ dé Tinubu á kọrin kan kó tó wọ ìlà. Kò sí owó tó ga nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín rẹ̀ máa ń gbé ẹgbẹ́ dé ìdajì ọ̀nà.

Ta ló kọ́kọ́ rí i: ní Pópó Àgùdà, aṣíwájú á pe ohun kan, bíi fèrèsé tó tẹ̀, òdòdó ara ògiri, irin ọ̀dẹ̀dẹ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹgbẹ́ méjì-méjì tó bá kọ́kọ́ nàka sí i gba àmì kan. Ọmọdé máa ń borí àgbà nínú eré yìí, nítorí ojú wọn kì í sùn.

Àlọ́ àpamọ̀: ẹ fi í sí ibi tí ọ̀nà bá gùn tí kò sí nǹkan wíwò. Ní Marina tí atẹ́gùn ọ̀sà ti ń fẹ́, ẹ bi wọ́n pé "Òkun ń hó yaya, ọ̀sà ń hó yaya, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́, kí ni o?" Ẹ máa rí àwọn tó máa gbàgbé pé ọmọrogùn ni. Kí àwọn ará iwájú pa á, kí àwọn ará ẹ̀yìn já a. Ohùn tó ń lọ tó ń bọ̀ báyìí ń so ìlà pọ̀ ju fèrè lọ.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fetí sílẹ̀ sí ìdajì ẹ̀yìn. Bí ẹ̀rín bá wà níwájú nìkan, kí aṣíwájú dúró, kí ẹ yí ìlà padà, kí ará ẹ̀yìn di ará iwájú fún ìgbà díẹ̀.

Ìpele 7: Oúnjẹ àti títúká

Ní Freedom Park, nǹkan fúyẹ́ ni kí ẹ jẹ: ọsàn, ẹ̀pà, bọ̀lì. Oúnjẹ gidi di ìparí. Ẹni tó bá ti fi búrẹ́dì jẹ ẹ̀wà àgányìn yó bámú ní ìdajì ọ̀nà kò ní fẹ́ dìde mọ́, òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn. Ní Oníkàn, ẹ jẹ ẹ́ tẹ́rùn. Ẹ kó ọ̀rá omi àti èèpo ọsàn yín sínú àpò kan, ẹ má jù wọ́n sí gọ́tà Èkó tó ti kún tẹ́lẹ̀.

Kí akápò ka iye tó wọlé àti iye tó jáde sétí gbogbo èèyàn níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó sì kọ ọ́ sórí WhatsApp kí ilẹ̀ tó ṣú. Owó tí kò ju ẹgbẹ̀rún díẹ̀ lọ ti tú ẹgbẹ́ ká rí, nítorí pé wọn kò sọ ọ́.

Kí àwọn tó ń lọ sí ọ̀nà kan náà jọ wọ ọkọ̀. Ẹnìkejì kò tíì bọ́ lọ́rùn ẹnìkejì títí oníkálukú á fi kọ ọ́ pé òun ti délé.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: kí ẹ tó tú ká, ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó rìn kẹ́yìn jù ibi tó le fún un, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ọjọ́ ìrìn tó ń bọ̀, kí ẹ sì gbé fìlà ọsàn fún ẹni tó máa ṣe ẹlẹ́yìn lọ́jọ́ náà, kó mú un lọ sílé.